Máàkì Méje Tí Ẹnu Mi Gbà Lọ́wọ́ Ràfíátù

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ìbà, l'Ékòó, ni omi.

Kànga ni mò ń gbẹ́. Ní Sábẹ̀ẹ́ tiwa, ní ilẹ̀ Kutọnu lọ́hùn-ún, òkúta ló pọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Èèyàn lè fi oṣù méjì gbẹ́ kànga kó má tíì rí ju ẹrẹ̀ lọ. Mo dé Ìbà, Baba Àkànní tó gbà mí sílé ní kí n gbẹ́ ọ̀kan sẹ́yìn ilé òun. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, omi ti mù mí dé orúnkún. Mo dúró sínú rẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín. Baba Àkànní yọjú lókè.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní omi ni.

"O ò rí omi rí ni?"

Mi ò ní sọ bí mo ṣe rìn débẹ̀. Mo ṣáà wá. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí nígbà náà. Bàbá wa ti kú, àwa ọkùnrin mẹ́fà la wà nílé, ilẹ̀ oko tó fi sílẹ̀ ò tó mẹ́ta pín.

Ohun kejì tó yà mí lẹ́nu, ẹnu èmi fúnra mi ni. Yorùbá ni mo gbọ́, kò sí òmíràn tí mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kí èèyàn lójú ọ̀nà, kó tó dáhùn, á kọ́kọ́ wò mí látòkè délẹ̀, á ní, "Ará Kutọnu, ṣé dáadáa ni?" Mi ò dé Kutọnu rí. Títí dòní mi ò tíì débẹ̀. Tí mo bá lọ ra okùn àti garawa ní Òkokomáìkó, àwọn ọmọ ibùdókọ̀ á máa fi ohùn mi ṣeré, wọ́n á máa fà á bí èmi ṣe ń fà á. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí nǹkan dípò kí n dárúkọ rẹ̀. Okùn nìyẹn. Garawa nìyẹn. Ó tó.

Mo ti lo bí ọdún mẹ́rin nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo àjèjì kó ẹrù wọn, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n ń wá wa láti ojúlé dé ojúlé. Baba Àkànní pè mí. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni tó bá bi ọ́ ní nǹkan, má sọ̀rọ̀." Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá dé, ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

"Ọmọ mi ni. Odi ni. Kò gbọ́ràn, kò lè sọ̀rọ̀."

Ọ̀kan nínú wọn wá sẹ́yìn mi, ó pàtẹ́wọ́ gbàà lẹ́bàá etí mi. Mi ò mira.

Oṣù méjì ni mo fi ya odi. Mo gbẹ́ kànga mẹ́ta láì sọ gbólóhùn kan. Músílíù, ọmọ Baba Àkànní, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà, ló ń bá mi sọ gbogbo rẹ̀. Á dúró lẹ́nu kànga, á sọ fún onílé pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní ilẹ̀ yín dáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ fún àwọn lómi tútù mu." Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n omi tútù náà, mo mu ún.

Nígbà tí wàhálà yẹn lọ, wọ́n ní kí n máa sọ̀rọ̀ padà. Mo rí i pé mi ò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ó ti mọ́ mi lára. Ìyàwó mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ló ṣe fẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tèmi àti ọ̀rọ̀ tiẹ̀, òun ló ń sọ méjèèjì. Nígbà tí a mú Làmídì ọmọ wa lọ sílé ìwé, tí tíṣà ní kí ni orúkọ bàbá, kí n tó rò ó tán, Baba Àkànní ti dáhùn lẹ́yìn mi: "Àkànní." Bí a ṣe di Àkànní nìyẹn. Ọkùnrin náà ò bi mí léèrè, èmi náà ò kọ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ dákẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú kànga, bó ṣe tutù tó, tí mò ń gbọ́ ohùn àwọn èèyàn lókè bí ẹni pé wọ́n wà nílùú mìíràn, ojoojúmọ́ ni mò ń bá àwọn ará ilé wa sọ̀rọ̀. Mò ń jà pẹ̀lú wọn, mò ń bẹ̀ wọ́n. Tí mo bá gòkè tán, ó parí. Ìgbà tí fóònù dé lọ̀rọ̀ wá rọrùn díẹ̀. Gbogbo Jímọ̀, tí a bá kírun tán, mo máa ń pe Súbérù àbúrò mi ní Sábẹ̀ẹ́. Á sọ ẹni tó kú, á sọ ẹni tó bímọ, á sọ bí iṣu ṣe rí. Èmi á ní, "Ó dáa." Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ wà níbẹ̀ ṣá?" Èmi á ní mo wà níbẹ̀.

Bọ́họ̀lù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí. Mo ṣì máa ń fọ kànga fún àwọn tó bá ní i. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an, ti Ràfíátù ni.

Ràfíátù ni àkọ́bí Làmídì. Ṣakí ni ìyá rẹ̀ ti wá. Láti kékeré ló ti ní nọ́ọ̀sì lòun máa ṣe, yunifásítì ìjọba tó wà nítòsí wa níbí ló sì fẹ́. A máa ń rí àwọn ọmọ náà tí wọ́n ń kọjá lójú ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ funfun wọn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ń dupò, ìwọ̀nba kékeré ni wọ́n ń mú. Ó ṣe ìdánwò ìwọlé lọ́dún kìíní, kò bọ́ sí i. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ní tí eléyìí náà ò bá bọ́ sí i, kó lọ bá Bàbá Súbérù, kó lọ kàwé ní ilẹ̀ Kutọnu, torí pé níbẹ̀ ó rọrùn láti wọlé.

Lọ́jọ́ tí èsì ìdánwò tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà ṣe jáde, èmi ni mo pe Súbérù, kì í tilẹ̀ ṣe ọjọ́ Jímọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mélòó ló gbà?"

"Òjìlúgba ó lé mẹ́fà."

"Nínú mélòó?"

"Irinwó."

"Irinwó! Kí ni wọ́n ń fi irinwó ṣe? Nínú ogún ni wọ́n ń máàkì tiwa níbí."

Ràfíátù ti ń tẹ fóònù tiẹ̀ láti ṣírò rẹ̀. Kó tó tẹ̀ ẹ́ tán, mo ti sọ fún Súbérù pé méjìlá lé díẹ̀ ni. Ọmọ náà gbójú sókè.

"Bàbá, báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

Mo ní irinwó, ogún lọ́nà ogún ni. Òjìlúgba, ogún lọ́nà méjìlá. Mẹ́fà tó kù ò tó ogún. Kí ló le níbẹ̀?

"Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò kàwé!"

Inú mi dùn, mi ò ní parọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń rántí rẹ̀.

Súbérù ṣì ń pariwo nínú fóònù. "Méjìlá! Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá gba mẹ́wàá níbí ti yege. Kí ló tún ń dúró dè? Kó wọlé!" Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un. Ràfíátù ló ṣàlàyé ẹ̀ fún èmi náà, ẹ̀ẹ̀mẹta. Máàkì kọ̀ǹpútà yẹn nìkan ò tó. Wọ́n á pa á pọ̀ mọ́ ti ìwé mẹ́wàá, wọ́n á tún pa á pọ̀ mọ́ ti ìdánwò tí yunifásítì máa ṣe fúnra wọn, wọ́n á wá sọ gbogbo rẹ̀ di ọgọ́rùn-ún.

Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, mẹ́rìndínláàádọ́rin ni ti Ràfíátù. Kọ́tọ́ọ̀fù nọ́ọ̀sì lọ́dún yẹn, ìyẹn máàkì tí èèyàn gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n tó mú un, mọ́kànléláàádọ́rin ni. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ìpínlẹ̀ Èkó ni ọ́, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ti tó. Máàkì méje ni wọ́n dín fún ọmọ onílẹ̀. Ó wá ṣẹ́ ku ìwé kan ṣoṣo, èyí tí ìjọba ìbílẹ̀ máa fi jẹ́rìí pé ọmọ ibẹ̀ ni.

"Bàbá," Ràfíátù bi mí, "ṣé ọmọ ìbílẹ̀ ni wá?"

Làmídì ló dáhùn.

"Ibí la bí mi sí. Ibí la bí ìwọ náà sí. Àkànní là ń jẹ́. Kí ni wọ́n tún ń fẹ́? Bàbá, ẹ lọ bá Bọ̀ọ̀dá Músílíù."

Músílíù ló ti di olórí ẹbí Àkànní láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú. Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi mí jókòó, kò jẹ́ kí n tilẹ̀ sọ ọ́ tán.

"Ṣé nítorí ìyẹn lẹ ṣe wá ń da ara yín láàmú báyìí? Ràfíátù, ọmọ wa ni! Ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Ẹ ṣáà tẹ̀lé mi lọ, ẹ má sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ mọ ìyẹn ṣe dáadáa."

Ní ìjọba ìbílẹ̀, inú yàrá kan ni wọ́n mú wa wọ̀. Àgbààgbà mẹ́ta jókòó, obìnrin kan ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Olórí wọn dé fìlà funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Èmi, Músílíù àti Ràfíátù jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ìdílé wo?"

"Àkànní, ní Ìbà, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Àkànní tó máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Mo mọ bàbá yín. Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí, sà. Ọmọ-ọmọ wọn ló fẹ́ wọ yunifásítì."

"Kí ló fẹ́ kọ́?"

"Nọ́ọ̀sì, sà," Ràfíátù dáhùn, ó ti kúnlẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, dìde. Tó o bá di nọ́ọ̀sì tán, má fi abẹ́rẹ́ ńlá gún mi o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà tí wọ́n ń gbà mọ ọmọ onílẹ̀ níbí. Wọn kì í bi ọ́ ní ìwé. Sàréè ni wọ́n máa ń bi ọ́. Ìdílé tó bá nilẹ̀, inú ọgbà ni wọ́n máa ń sin àgbà wọn sí, gbogbo ọmọ ilé ló sì mọ ẹni tó sùn síbì kọ̀ọ̀kan. Àlejò ò lè mọ̀ ọ́n. Àgbàlagbà náà kọjú sí mi.

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Níbo lẹ sin bàbá yín sí?"

"Sà," Músílíù ní, "ẹ̀gbọ́n mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí n..."

"Ọ̀rọ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Kí wọ́n kàn sọ ibi tó wà fún wa."

Mo mọ sàréè Baba Àkànní. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ló wà, kò jìnnà sí igi àgbọn. Tí mo bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa já mi nírọ́. Èmi náà ò ní kà á sí irọ́ pátápátá, torí ọkùnrin yẹn ṣe bàbá fún mi. Mo la ẹnu kí n sọ ọ́. Ẹnu mi sọ tiẹ̀.

"Sábẹ̀ẹ́."

Ọwọ́ obìnrin tó ń kọ̀wé dúró.

"Sábẹ̀ẹ́ wo?"

"Ti ilẹ̀ Kutọnu."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Músílíù fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Àgbàlagbà náà wò mí.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí ìwé yìí mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀." Ó yí sí Ràfíátù. "Ọmọ mi, má bínú."

Ìta la dé kí Músílíù tó figbe ta.

"Ẹ̀gbọ́n! Ogójì ọdún! Ogójì ọdún gbáko lẹ fi dákẹ́, òní lẹ wá rí ẹnu! Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ sọ látàárọ̀, ìyẹn náà lẹ tún fi ba gbogbo ẹ̀ jẹ́!" Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó bínú lọ. Ó tún padà wá. "Ẹ tiẹ̀ lè ní ẹ ti gbàgbé! Àgbàlagbà ni yín!" Ó tún lọ.

Èmi àti Ràfíátù la jọ padà. Ní Òkokomáìkó, ó di ọwọ́ mi mú ká tó sọdá. Mò ń retí pé á bínú sí mi. Nígbà tí a dé òdìkejì, ó ní, "Bàbá, ẹ ò tíì jẹun látàárọ̀." Ó ra gúgúrú àti ẹ̀pà, ó bù ú sí mi lọ́wọ́. A dúró níbẹ̀, a ń jẹ ẹ́. Ó kọjú sí ojú títì kí n má baà rí ojú rẹ̀. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ì bá sàn fún mi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn, mi ò lè sùn, mi ò lè jẹun dáadáa. Ọdún méjì tí ọmọ fi jókòó ti ìwé, gbólóhùn kan ni mo fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Làmídì ò bá mi jà. Ó kàn ní, "Bàbá, ẹ pe Bàbá Súbérù. Kó lọ."

Mo gbé fóònù, mi ò pè é. Mò ń rò ó bí ọmọ yẹn á ṣe dé ọ̀hún. Á kí èèyàn, wọ́n á wò ó látòkè délẹ̀. "Ará Nàìjíríà, ṣé dáadáa ni?" Wọ́n á máa fi ohùn rẹ̀ ṣeré. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́ sí nǹkan. Ràfíátù tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi! Èèyàn lè gbé ibì kan títí, kí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kó fẹ́ràn wọn, kó máa jẹ oúnjẹ wọn, síbẹ̀ kó máa wọn ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Mi ò fẹ́ ìyẹn fún un. Mo lọ bá Làmídì.

"Fún un lọ́dún kan sí i."

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn máa jẹ́."

"Mo mọ̀."

"Tí kò bá tún bọ́ sí i ńkọ́?"

"Èmi ni kó o bá wí. Ọmọ náà mọ̀wé. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún un, jẹ́ kó tún un ṣe."

Làmídì ń wò mí. Mi ò rò pé mo ti sọ̀rọ̀ tó báyẹn sí i rí láti ìgbà tó ti gbéyàwó. Ó ní, "Ó dáa, Bàbá."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀, tí a bá kírun tán, Ràfíátù á gbé ìwé rẹ̀ wá sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, èmi á jókòó tì í. Mi ò mọ ohun tó ń kà, ṣùgbọ́n mo ní kó máa sọ ọ́ fún mi. Tí kò bá yé mi, mo máa ń ní, "Kò yé mi." Á tún un sọ. Ìgbà mìíràn á bínú.

"Bàbá, mo ti sọ èyí lẹ́ẹ̀mẹta!"

"Kò tíì yé mi."

Á wo ìwé rẹ̀. Tó bá yá, á ní, "Ó dà bí ẹni pé kò yé èmi náà."

Ibi tí ìṣòro wà nìyẹn, a wá rí i. Àwọn ibi tí kò bá ti lè ṣàlàyé fún mi, àwọn ibẹ̀ gan-an ló ti ń pàdánù máàkì. Ọjọ́ tó sọ ti kíndìnrín, bó ṣe ń sẹ́ ìdọ̀tí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, mo ní bí yanrìn ìsàlẹ̀ kànga ṣe ń sẹ́ omi ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sí etí ìwé rẹ̀.

Músílíù ò yọjú sí wa fún oṣù kan. Ó wá dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú iṣu mẹ́ta àti epo, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ gbẹ́ sàréè bàbá mi. Mi ò lè bá yín bínú títí." Ó wo Ràfíátù lórí bẹ́ǹṣì. "Ìwọ, kàwé o! Má jẹ́ kí n tún lọ parọ́ níwájú àwọn àgbààgbà yẹn. Ojú ṣì ń tì mí tí mo bá pàdé wọn."

Ìlú ìyá rẹ̀, Ṣakí, ló kọ sí fọ́ọ̀mù lọ́dún yẹn. Kò sẹ́ni tó máa dín nǹkan kan fún un. Nínú ìdánwò kọ̀ǹpútà, ó gba ọ̀rìnlúgba ó lé mẹ́rin. Ṣùgbọ́n kọ́tọ́ọ̀fù náà gòkè, ó di méjìléláàádọ́rin. Nígbà tí wọ́n wá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, mẹ́rìnléláàádọ́rin ni tiẹ̀. Síbẹ̀ kò tíì dá wa lójú, ó di ìgbà tí wọ́n bá fi orúkọ síta.

Ọjọ́ tí orúkọ jáde, mò ń lọ́ okùn lẹ́yìn ilé. Ràfíátù rọra wá. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀, ó gbé fóònù sí mi lójú bí ẹni pé mo lè kà á.

"Kí ló wí?"

"Nọ́ọ̀sì, Bàbá. Wọ́n fún mi ní nọ́ọ̀sì."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Okùn bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tó fi máa di ọ̀sán, Músílíù ti dé, ó ń pariwo láti ojú ọ̀nà: "Ọmọ odi ti wọlé! Ọmọ odi ti wọ yunifásítì!" Gbogbo àdúgbò ló gbọ́.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Ràfíátù ló jókòó tì mí níbí, tó ń kọ èyí sílẹ̀. Láti ọjọ́ ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, kò bi mí ní nǹkan kan nípa rẹ̀ rí. Àfi ìsinsìnyí, tó dáwọ́ kíkọ dúró.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò fi sọ ti Baba Àkànní?"

Mo wá sọ fún un pé gbogbo Ìbà ló mọ ibi tí Baba Àkànní sùn sí. Bàbá tèmi, kò sí sìmẹ́ǹtì lórí rẹ̀, kò sí àmì kankan. Àwa mẹ́fà la sin ín. Mẹ́rin ti kú, ó ku èmi àti Súbérù tá a mọ ibẹ̀. Tí èmi náà bá jókòó síwájú àwọn èèyàn, tí mo ní Ìbà ló wà, ó ku Súbérù nìkan.

Ó tún gbé bírò rẹ̀.

"Ẹ sọ ibi tó wà, Bàbá. Mò ń kọ ọ́."

Kọ ọ́. Tí èèyàn bá ti ojú ọ̀nà òkè wọ abúlé wa, ilé wa ni ẹ̀kẹta lápá ọ̀tún. Kó gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìn, igi igbá kan wà níbẹ̀. Kó fi ẹ̀yìn ti igi náà, kó kọjú síbi tí oòrùn ti ń wọ̀, kó ka ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀ ju ìyókù lọ. Kó má tẹ̀ ẹ́. Kó dúró lápá ẹsẹ̀, kó kí i.

"Kí ni wọ́n ń pè é?"

Bùráímọ̀ Ṣàbí. Kọ ọ́ kó hàn.